E. D. Morel: Akọ̀wé Ọkọ̀ Ojú Omi Tó Yẹ Ìwé Ọba Leopold Wò

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, kì í tilẹ̀ ṣe aláwọ̀ dúdú. Òyìnbó ni. Akọ̀wé ni nílé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní Liverpool, ilé-iṣẹ́ kan náà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń kó ẹrù àti èrò lọ sí Èkó láyé àwọn bàbá ńlá wa. Edmund Dene Morel lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n E. D. Morel ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó, a ò ní akọni púpọ̀. Bí wọ́n bá fi wá sínú sinimá, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àwa la jí owó. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnì kan yìí yangàn díẹ̀.

Ìlú Paris ni wọ́n ti bí i, ní oṣù Keje ọdún 1873. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gùn bí oríkì: Georges Edmond Pierre Achille Morel de Ville. Ará Faransé ni bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba lásán ni, kì í ṣe ọ̀gá. Ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí bàbá kú. Ìyá ló dá tọ́ ọ, ó sì fi í sí ilé-ìwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún 15, ara ìyá ò yá mọ́, ni ọmọ bá padà sí Paris lọ ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ní 1891, ó rí iṣẹ́ akọ̀wé gbà lọ́dọ̀ Elder Dempster ní Liverpool. Ní 1896, ó gba ìwé ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbé Mary Richardson níyàwó. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ìwé ìlú onílùú mọ bó ṣe ń rí: èèyàn á kọ́kọ́ rọra máa ṣe jẹ́jẹ́, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun.

Owó iṣẹ́ akọ̀wé kò tó gbọ́ bùkátà, ló bá ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn láti fi kún un. Òwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló máa ń kọ nípa rẹ̀. Ẹ má sì rò pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì bẹ̀rẹ̀ sí pariwo pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ ní Kóńgò, kò ka ọ̀rọ̀ wọn sí, ó tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ Ọba Leopold ní dáadáa.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ irú òwò tí à ń sọ. Ní 1884 sí 1885, àwọn ìjọba ńláńlá pàdé ní Berlin, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí agbègbè odò Kóńgò. Ìwé náà ní kí òwò ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Abala rẹ̀ karùn-ún sọ ọ́ kedere pé ìjọba yòówù tó bá ń ṣàkóso níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fún ẹnì kan ní àṣẹ láti dá òwò ṣe. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ìgbìmọ̀ kan wà, láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, tí yóò máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń lo odò náà. Òfin dára, a ò lè bu ẹnu àtẹ́ lu òfin. Ìgbìmọ̀ yẹn ni kò jókòó rí. Wọn ò yan ẹnikẹ́ni sí i.

Leopold Kejì, ọba Bẹ́ljíọ̀m, ló gba ilẹ̀ náà. Kì í ṣe Bẹ́ljíọ̀m ló ni ín o. Ọba fúnra rẹ̀ ló ni ín, bí èèyàn ṣe ń ní oko, ilẹ̀ tó fi ju ìgbà 70 tóbi ju Bẹ́ljíọ̀m lọ. Ní 1885, ó ṣòfin pé ilẹ̀ tí kò sí ilé tàbí oko lórí rẹ̀ di ti ìjọba. Nígbà tó di 1891 àti 1892, ó fi òfin mìíràn lé e: rọ́bà àti eyín erin inú apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà, ìjọba ló ni ín. Ará abúlé tó bá wa rọ́bà nínú igbó bàbá rẹ̀ tó tà á fún oníṣòwò, olè ni. Oníṣòwò tó rà á, ó ra ẹrù olè. Ìjọba di oníṣòwò, òun náà ni aṣòfin, òun náà ni ọlọ́pàá, òun náà ni adájọ́. Ibi tí kò bá ti ṣòwò fúnra rẹ̀, ó pín in fún àwọn kọ́ńpìnnì bíi ABIR, ó sì mú ìdajì ṣíà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó wà nínú igbó ń gba owó àjẹmọ́nú lórí ẹrù tí wọ́n bá kó wá, wọ́n sì ti ṣètò rẹ̀ débi pé bí ohun tí wọ́n san fún ará abúlé bá ṣe kéré tó ni owó tiwọn yóò ṣe pọ̀ tó. Mo ti rí oríṣiríṣi ètò owó àjẹmọ́nú nínú iṣẹ́ mi, mi ò tíì rí èyí tó burú tó báyìí.

Kí ni ayé mọ̀ nípa gbogbo èyí? Ohun tí ọba tẹ̀ jáde ni. Ìjọba Kóńgò ń gbé ìṣirò ọjà tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde síta lọ́dọọdún, ó dán, ó mọ́, ó ní àmì àṣẹ lórí. Ọba tún máa ń sọ pé òun ń pàdánù ni, pé iṣẹ́ àánú lòun ń ṣe. Ní 1890, Bẹ́ljíọ̀m yá a ní 25 mílíọ̀nù faranki tórí pé ó ní owó ò sí lọ́wọ́ òun.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ọ́dítọ̀ nílùú Ọba níbí, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ wa ni pé bí o bá fẹ́ mọ iye tí oníbàárà rẹ ní ní báńkì, má bi oníbàárà. Kọ̀wé sí báńkì. Ìwé tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó lè kọ ọ́ bó ṣe wù ú. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni kò lè dé. Ohun tó ṣe Leopold gan-an nìyẹn. Ó lè dé ẹnu gómìnà, ó lè dé ẹnu ṣọ́jà, ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ kó tó di owó, ọkọ̀ náà kì í sì í ṣe tirẹ̀. Elder Dempster ló ní àdéhùn láti máa kó ẹrù láàárín Antwerp àti Boma, tó jẹ́ olú-ìlú Kóńgò nígbà náà. Nítorí pé Morel gbọ́ Faransé dáadáa, òun ni wọ́n máa ń rán lọ sí Bẹ́ljíọ̀m lápá ìparí ọdún 1890-sí-1899 láti bójú tó iṣẹ́ náà.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí fẹ́ràn láti fi Morel sí etí èbúté Antwerp, kó dúró kó máa wo ẹrù. Kò burú, ó dára fún fọ́tò. Ṣùgbọ́n orí tábìlì ni iṣẹ́ náà ti ṣe. Ìwé ẹrù ọkọ̀ ló gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìṣirò tí ìjọba tẹ̀ jáde ló gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó sì ń fi ọ̀kan wé èkejì. Rọ́bà àti eyín erin tí ọkọ̀ gbé wálé pọ̀ ju èyí tí ìjọba ní òun tà lọ, ìyàtọ̀ náà sì tó owó gọbọi. Àpò ta ni ìyàtọ̀ yẹn wọ̀? Lẹ́yìn èyí, ó wo ẹrù tó ń lọ. Ẹni tó bá ń ra rọ́bà lọ́wọ́ ará abúlé gbọ́dọ̀ ní ohun tó fi ń rà á: aṣọ, iyọ̀, irin, àwo. Morel wá wọn tì. Ìbọn ló rí, ọta ìbọn, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, àti ẹrù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló jọ ọjà.

Ẹ wò ó bí mo ṣe máa ń wò ó. Débíìtì wà, krẹ́díìtì ò sí. Bóyá lọ́jà Ọjẹ́ ni o, bóyá ní Ridley Road ní Dalston, bí o bá gbé ẹrù, o máa fi nǹkan sílẹ̀. Bí o bá gbé e tí o ò fi nǹkan kan sílẹ̀, tí ìbọn sì wà lọ́wọ́ rẹ, gbogbo wa la mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Morel ò tíì fẹsẹ̀ tẹ Kóńgò rí o. Inú ìwé ló ti mọ̀ pé iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Sir Alfred Jones. Sir Alfred yìí kan náà ni aṣojú ìjọba Kóńgò ní Liverpool, àdéhùn ẹrù Leopold sì ń mówó wọlé fún un. Kò lé Morel. Ó kàn di tútù sí i ni. Ní 1900, Morel bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn tí wọ́n ń pè ní The Speaker, láìfi orúkọ síbẹ̀. Wọ́n fi ipò lọ̀ ọ́, wọ́n fi owó lọ̀ ọ́ kó lè dákẹ́. Ní 1901, ó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún 28 ni, ìyàwó ń bẹ nílé, àwọn ọmọ ò tíì dàgbà. Mo mọ ọ̀pọ̀ wa tí a ti rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ibi iṣẹ́ wa, tí a pa fáìlì náà dé, tí a rántí owó ilé.

Ní 1903, ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀, West African Mail. John Holt, oníṣòwò Liverpool tí àwọn àgbà Nàìjíríà mọ orúkọ rẹ̀ lára ṣọ́ọ̀bù, wà lára àwọn tó fi owó tì í lẹ́yìn. Àwọn kan máa ń sọ pé Holt ń wá ọ̀nà àtiṣòwò ní Kóńgò ló ṣe ràn án lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, kò ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́: ẹni tí wọ́n tì ìlẹ̀kùn ọjà mọ́ lójú máa ń yẹ ìwé wò ju olóore lọ.

Morel kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ náà síta. George Washington Williams, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ti kọ lẹ́tà sí Leopold ní gbangba ní 1890, ó sì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. William Sheppard, míṣọ́nnárì, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú bákan náà, wọ inú àgọ́ kan ní 1899, ó bá ọwọ́ ọ̀tún àwọn èèyàn lórí iná tí wọ́n ń yan wọ́n, ó kà wọ́n, wọ́n jẹ́ 81. Kí ló dé tí wọ́n ń yan ọwọ́? Nítorí ìṣirò ni. Àwọn ọ̀gá ṣọ́jà ò fẹ́ kí wọ́n fi ọta ìbọn pa ẹran jẹ, wọ́n ní kí ṣọ́jà mú ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó pa wá fún ọta kọ̀ọ̀kan tó lò. Wọ́n yan án kó má baà rà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ọwọ́ èèyàn ni rìsíìtì. Ṣọ́jà tó bá ti fi ọta ṣòfò á gé ọwọ́ ẹni tó wà láàyè láti fi bo ìṣirò rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe èyí mọ ìṣirò ṣe o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ Morel ni láti so gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyí mọ́ ìwé ẹrù. Míṣọ́nnárì sọ ohun tó rí ní abúlé kan, ìjọba Kóńgò á ní òṣìṣẹ́ burúkú kan ló ṣe é. Morel á gbé ìwé jáde pé kò lè jẹ́ ẹnì kan, bí òwò náà ṣe rí nìyẹn láti òkè dé ilẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1903, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò láìsí ẹni tó takò ó pé kí ìjọba pe àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí ìwé Berlin. Roger Casement, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kóńgò, tó ti ṣiṣẹ́ ní Calabar tẹ́lẹ̀, gba ojú odò lọ wo inú igbó lọ́dún náà. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1904. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, wọ́n dá Congo Reform Association sílẹ̀ ní Liverpool, Morel sì ni akọ̀wé rẹ̀. Fọ́tò tí Alice Seeley Harris, ìyàwó míṣọ́nnárì, yà ní Kóńgò ni wọ́n ń gbé kiri ìlú láti fi han èèyàn.

Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Leopold fúnra rẹ̀ yan ìgbìmọ̀ olùwádìí, adájọ́ mẹ́ta, ará Bẹ́ljíọ̀m kan, ará Ítálì kan, ará Switzerland kan. Ó dájú pé ó rò pé wọ́n máa fọ òun mọ́. Nígbà tí wọ́n jókòó, baálẹ̀ kan tó ń jẹ́ Lontulu wá jẹ́rìí. Kò mú ìwé lọ́wọ́. Ó kó igi wẹ́wẹ́ 110 sórí tábìlì wọn, ó tò wọ́n ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ti àwọn ìjòyè, ti ọkùnrin, ti obìnrin, ti ọmọdé. Igi kan, òkú kan. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìṣirò, mi ò rò pé mo rí èyí tó pé tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìròyìn ìgbìmọ̀ náà jáde ní 1905, ó sì fara mọ́ ohun tí Morel àti Casement sọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹlẹ́rìí fúnra wọn ni wọn ò tẹ̀ jáde. Ó wà ní àtìpa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1906, Félicien Cattier, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa òfin ní Brussels, tún tú ọ̀rọ̀ owó ọba síta láti inú ilé.

Ní oṣù Kọkànlá 1908, Bẹ́ljíọ̀m gba Kóńgò lọ́wọ́ ọba. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe san án. Bẹ́ljíọ̀m gba gbèsè 110 mílíọ̀nù faranki rù, ó tún fi 45 mílíọ̀nù àti ààbọ̀ parí àwọn ilé ńlá tí ọba ń kọ́ lọ́wọ́, ó sì fún ọba ní 50 mílíọ̀nù lórí rẹ̀ láti fi dúpẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Kóńgò náà ni wọ́n ní kó san án. Kí wọ́n tó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, wọ́n ti sun ìwé ìjọba Kóńgò ní ààfin fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ọba kú ní oṣù Kejìlá 1909. Iye èèyàn tó kú lábẹ́ òwò yẹn, mílíọ̀nù mílíọ̀nù ni àwọn onímọ̀ ìtàn ń pè é, wọn ò sì ṣíwọ́ jíjiyàn lórí rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ka àwọn èèyàn náà nígbà tí wọ́n wà láàyè.

Lẹ́yìn èyí ni Morel lọ sí Nàìjíríà, ní 1910 sí 1911, ó sì kọ ìwé nípa ìrìn-àjò náà. Ó kọ nípa èbúté Èkó, nípa àwa Yorùbá, nípa Abẹ́òkúta àti Aláké. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé ilẹ̀ àti ohun tó hù lórí rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ń gbé ibẹ̀, pé àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ta ọjà rẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú. Ó bọ́ sí wa lára nígbà tó yá. Láti 1947 ni àjọ ìjọba tó ń ra kòkó ti wà ní Nàìjíríà, ó di ti ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní 1954, wọ́n sì fòpin sí gbogbo wọn ní 1986. Ìjọba ló ń dá iye tí àgbẹ̀ máa gbà, ìjọba ló ń tà á lókè òkun, ìyàtọ̀ sì wà lọ́wọ́ ìjọba. Mi ò fi wé Kóńgò o, ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Owó kòkó ṣe ohun rere tí ojú wa rí. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó gbé àpò kòkó wá sórí òṣùwọ̀n kò rí ìwé ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìgbà tí ìjà òṣèlú dé ní 1962 ni ìgbìmọ̀ Coker tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ìwé àwọn àjọ Ìwọ̀-Oòrùn.

Ní 1947 yẹn kan náà, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn òwò àgbáyé tí wọ́n ń pè ní GATT. Abala 17 rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣòwò: kó máa rà kó máa tà bí oníṣòwò gidi, kí orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì máa ròyìn rẹ̀ fún àwọn yòókù. Láti 1995, Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé ní ìgbìmọ̀ kan tó ń gbé ìròyìn wọ̀nyẹn yẹ̀ wò. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń mú mi rántí Morel. Bí orílẹ̀-èdè kan bá rí i pé ẹnì kejì ò ròyìn òtítọ́ tàbí kò ròyìn tó, ó lè fúnra rẹ̀ kọ ohun tó mọ̀ wá. Ọ̀pọ̀ ìjọba kì í ròyìn lásìkò, ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ń jókòó, ti Berlin ò jókòó rí.

Ìgbẹ̀yìn Morel kò rọrùn. Nígbà tí ogun 1914 bẹ́, ó wà lára àwọn tó dá Union of Democratic Control sílẹ̀, wọ́n ní ìjọba ń fi àdéhùn ìkọ̀kọ̀ ti àwọn ọmọ ìlú sógun. Ní 1917, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Pentonville torí pé ó fi ìwé ránṣẹ́ sí ilẹ̀ tí kò sí nínú ogun láìgba àṣẹ. Ara rẹ̀ ò padà bọ̀ sípò. Ní 1920 ó ṣe ohun tí mi ò lè fò dá: ó kọ̀wé lòdì sí àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí Faransé kó lọ sí Jámánì, ó pè wọ́n ní ẹni tí obìnrin kan ò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ rírùn tó dun èèyàn. Claude McKay, akéwì ọmọ Jàmáíkà tó wà ní London nígbà náà, dá a lóhùn nínú ìwé ìròyìn. Mo ti gbọ́ táwọn kan sọ pé tórí èyí kí a má dárúkọ rẹ̀ mọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní kí wọ́n yọ ojú ewé yẹn kúrò nínú ìtàn rẹ̀.

Ní 1922, ó díje dupò aṣòfin ní Dundee lábẹ́ ẹgbẹ́ Labour, ẹni tó sì pàdánù ìjókòó rẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni Winston Churchill. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá 1924, ó ń rìn nínú igbó ní Devon, ó ní ó rẹ òun, ó jókòó ti igi, kò dìde mọ́. Ọmọ ọdún 51 ni.

Àwọn lẹ́tà àti ìwé rẹ̀ wà ní ilé-ìkàwé London School of Economics, nítòsí Holborn. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ka ìtàn tàbí ìṣirò owó ní London, ẹ lè ní kí wọ́n lọ béèrè fún un.